Wọ́n Gba Afárá, Wọ́n Tún Gba Ọmọ

Inísà,
Ìgbà iṣu tuntun.

Àdùkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ìyá rẹ ń kí ọ. Àwọn àbúrò rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti bímọ, ó sì ti jẹ ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé wa tán pátápátá, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lé e bí ìwọ. Mo ti kí ọ tán nìyẹn. Jókòó, kí o fara balẹ̀ ka èyí tó kù, nítorí n kò ní kọ irú ìwé yìí sí ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, nígbà tí wọ́n ní kí n wá súre fún ọ, gbólóhùn kan ṣoṣo ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "O ó bí, o ó wò." Mo sì padà jókòó. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ láàárín ara wọn pé, "Ẹ ò rí bàbá ìyàwó, ẹkún ti dí i lọ́fun." Kì í ṣe ẹkún, ọmọ mi. Owú ni. Lẹ́yìn mi ni bàbá ọkọ rẹ dìde, ó sì súre títí iyán fi tutù nínú abọ́. Ó ń fi ohùn dídùn rẹ̀ yẹn pè ọ́ ní ọmọ òun. Mo wo ojú rẹ. O ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò kúrò nínú mi bí iṣẹ́ oko bá pọ̀. Kò kúrò. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ìyá rẹ ti Òkúkù bọ̀, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, ọmọ yín ń kí yín o. Ó ní bàbá òun ti bá òun kọ́ ilé ìdáná tuntun, èéfín kì í ta òun lójú mọ́."

Mo ní, "Èmi? Ìgbà wo ni mo dé Òkúkù?"

Ìyá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ti ògiri. "Ẹ̀yin kọ́. Bàbá rẹ̀ ti Òkúkù ni."

N kò lè jẹun mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé. O ti wọ ilé ọkùnrin yẹn báyìí, o sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà láàárín èmi àti òun, àti ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ pẹ̀lú owú nínú mi. Má retí pé kí ìwé yìí tó tán, màá sọ pé ó ti lọ.

Èmi àti Oyèléke, bàbá ọkọ rẹ, jọ kàwé lọ́dọ̀ tíṣà kan náà ní Ìkìrun ni. Òun wá láti Òkúkù, èmi wá láti Inísà, a jọ ń sùn lórí ẹní kan. Bí mo bá ka ìwé dé ìdajì, tí ahọ́n mi lọ́, tíṣà á ní, "Oyèléke, ka ìyókù fún wa." Òun á sì kà á bí ẹni ń mu omi. Kò pẹ́ tó fi ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ láìsí ògbifọ̀. Èmi gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n kì í ti ẹnu mi jáde. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi jù ú lọ ni ìkọ̀wé. Bí o bá rò pé irọ́ ni, sọ fún un kó kọ orúkọ rẹ̀ fún ọ, kí o wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí.

O mọ odò tó dábùú ọ̀nà Ìgbayé. Ìlú wa ní ibi tí a ti ń wọ́ odò náà kọjá, Òkúkù náà ní tiwọn lókè odò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kì í ju kókósẹ̀ lọ. Bí òjò bá dé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí odò yẹn lè ṣe. Ibi tiwa ló ti gbé Òjó, àbúrò mi, lọ. Oko ló ti ń bọ̀, ó ru iṣu. A wá a wá a. Fìlà rẹ̀ nìkan la rí, lórí ẹ̀ka igi tó tẹ̀ sínú omi. Ìwọ kò bá a láyé. Òun ló yẹ kó gbé ọ jó nígbà tí a sọ ọ́ lórúkọ.

Òjò kejì lẹ́yìn ikú Òjó ni Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dé sí Ìkìrun, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ìlú. Ó ní ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ láti fi ran àwọn ìlú lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ tó máa mú ayé rọrùn: ọ̀nà, kànga, afárá. Ìjọba ni yóò pèsè irin, ìṣó, sìmẹ́ǹtì àti káfíńtà. Ìlú ni yóò pèsè òkúta, yanrìn àti ọwọ́ tí yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n afárá kan ṣoṣo ni owó náà ká lórí odò Ìgbayé. Kí Inísà àti Òkúkù rán ènìyàn wá, kí kálukú wá sọ ìdí tó fi yẹ kó jẹ́ tòun.

Àwọn àgbà wa mú mi dání nítorí pé mo mọ̀wé. Mo wọ dáńṣíkí tí mo fi gbé ìyá rẹ níyàwó. Bí a ṣe wọ ọgbà, ta ni mo rí tó jókòó lábẹ́ igi? Oyèléke. Ó dìde, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi!" Ó dì mọ́ mi. Èmi náà dì mọ́ ọn.

Inísà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú dó. Ó sọ ti ogun, ó sọ ti àwọn tó ràn wá lọ́wọ́ àti àwọn tí kò ràn wá. Nígbà tí ó kàn mí, mo sọ ti Òjó. Ohun tí n kò tíì lè sọ fún ìyá mi pàápàá ni mo sọ níbẹ̀, mo sọ bí fìlà ṣe rí lórí ẹ̀ka náà. Nígbà tí mo dákẹ́, ògbifọ̀ yíjú sí òyìnbó, ó sọ gbólóhùn kan tí kò gùn ju ìka mi lọ. Òyìnbó mi orí. Ó tán nìyẹn. Gbogbo Òjó ti di gbólóhùn kan.

Oyèléke kò lo ògbifọ̀. Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀nà Òkúkù. Ohun tó sọ kò ju báyìí lọ: "Òkúta ti wà létí odò, yanrìn ti wà, a ti la ọ̀nà dé ibẹ̀. Ẹ wá wò ó." Òyìnbó gun ẹṣin rẹ̀ lọ. Àwa náà tẹ̀ lé e. Àdùkẹ́, òkúta tí mo rí níbẹ̀ ga tó ògiri ilé. Tọkùnrin tobìnrin wọn ló ti ń kó o jọ láti ìgbà tí ìròyìn náà kọ́kọ́ ta sí wọn létí. Nígbà tí òyìnbó ní kí a mú òun dé tiwa, ẹṣin rẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà nínú koríko.

Òkúkù ló gba afárá náà.

Mo délé, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé Oyèléke ti ki nǹkan bọ òyìnbó lápò. Mo sọ ọ́ lọ́jà, mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó bi mí ibi tí mo ti rí i, nítorí gbogbo wọn ló fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó dùn lẹ́nu ju kí a sọ pé wọ́n ṣa òkúta nígbà tí àwa ń sọ ìtàn.

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ wà. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tó jù ọ́ lọ, ì báà jẹ́ ìjọba, ì báà jẹ́ ọkọ rẹ, má kàn lọ fi ìbànújẹ́ rẹ hàn án. Ìbànújẹ́ rẹ lè jẹ́ òótọ́, kí ó sì wúwo ju òkè lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ló máa gbé e kọjá, á sì kéré kó tó débẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí Jósẹ́ẹ̀fù ọkọ rẹ bá ọ tún ìsọ̀ ṣe, kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ ibẹ̀, kí o ri òpó, kí o tó pè é. Ẹni tí iṣẹ́ bá ti wà níwájú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹlòmíràn bá sì rí gbà, tí ìwọ kò rí, kọ́kọ́ lọ wo etí odò rẹ̀ kí o tó sọ pé ó jí i.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Òkúkù. A ń gbọ́ òòlù káfíńtà wọn bí atẹ́gùn bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa. Mo kórìíra ohùn yẹn. Ṣùgbọ́n àárín iṣẹ́ náà ni wọ́n wá kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn lọ tún ojú irin rélùwéè ṣe, òjò sì ti ń kùn. Òyìnbó tó ń bójú tó iṣẹ́ ní bí àwọn òpó kò bá ní òkúta ní ìdí kí odò tó kún, omi á wọ́ wọn lọ, ìjọba á sì kó irin àti ìṣó tó kù padà sí Ìkìrun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Oyèléke fẹsẹ̀ rìn wá sí Inísà. Kò dé fìlà. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, lórí àpótí tí mo jókòó lé kọ ìwé yìí.

Ó ní, "Mo wá tọrọ ọwọ́ ni. Ẹ bá wa kó òkúta díẹ̀, kí odò tó dé."

Mo ní, "Ẹ ti gba afárá. Ẹ gba odò náà mọ́ ọn."

"Àwọn ará ìlú yín náà ló máa gbà á kọjá."

"Kí ìlú mi rìn yí Òkúkù ká, kí wọ́n tó dé oko bàbá wọn?"

Ó ní, "Nítorí Òjó ni?"

Mo ní kó má pe orúkọ àbúrò mi nínú ilé mi. Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó lọ. N kò fún un lómi mu. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn, nítorí ó ṣeé ṣe kó sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ kan, ó sì sàn kí o ti ẹnu mi gbọ́ ọ.

Ìyá rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i tó pọ̀n ọ́, tó di gèlè mọ́dìí, tó gbé agbọ̀n ńlá. Àwọn obìnrin agbo ilé wa tẹ̀ lé e, tàwọn ti agbọ̀n wọn.

Mo ní, "Níbo?"

"Odò."

"Odò wo?"

"Odò tó gbé Òjó lọ. Òun náà ni, Bàbá Àdùkẹ́. Kì í ṣe méjì."

Ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé òpó ilé ni mo jẹ́. Àwọn obìnrin yẹn ló ń ru epo àti ẹ̀pà lọ síbi rélùwéè ní Òkúkù, àwọn náà ló ń kọjá lọ sí Ìgbayé lọ́jọ́ ọjà. Ta ló ni afárá, bí kì í bá ṣe àwọn? Àwa ọkùnrin ń jà lórí orúkọ ìlú tí yóò wà lára rẹ̀. Àwọn obìnrin ń wo ẹsẹ̀ wọn.

Mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè. Mo dúró sẹ́yìn igi kan létí odò, mo ń wòye. Òkúta tí ìyá rẹ fẹ́ rù pọ̀, ìwọ sì ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Ni Oyèléke bá wá, ó ní, "Gbé e wá, ìyàwó wa." Ó gbà ọ́. Ó gbé ọ sókè, ó fi irùngbọ̀n rẹ̀ rìn ọ́ níkùn, o sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí àjèjì fọwọ́ kàn án! Ó ti gba ìwé kíkà lọ́wọ́ mi, ó gba afárá, ó sì wá ń gba ẹ̀rín ọmọ mi níṣojú mi.

Mo jáde lẹ́yìn igi náà. Mo ní, "Gbé ọmọ mi fún mi." Ó gbé ọ fún mi. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń wò wá. N kò lè padà sílé nígbà tí ìyá rẹ ń ru òkúta, n kò sì lè gbé ọ sílẹ̀ kí ọkùnrin yẹn tún gbé ọ. Mo bá tú ọ̀já ìyá rẹ, mo pọ̀n ọ́ sẹ́yìn mi bí obìnrin, mo sì gbé agbọ̀n. Àwọn obìnrin Òkúkù rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Báyìí ni bàbá rẹ ṣe kó òkúta afárá Òkúkù, Àdùkẹ́, pẹ̀lú ìwọ tó ń fa etí mi láti ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin Inísà gbọ́, ojú tì wọ́n, àwọn náà wá. Odò kún lẹ́yìn tí a ti ṣe tán. Àwọn òpó náà kò mì.

Nítorí náà, gbọ́ èyí. Bí o bá rí i pé ọkọ rẹ ń ṣe agídí tí yóò pa òun àti ẹlòmíràn lára, má bá a jà, má sì dúró kó tó gbà. Ṣe bí ìyá rẹ ti ṣe: gbé agbọ̀n rẹ. Dá a lóhùn bó bá bi ọ́, kí o sì kọjá. N kò fẹ́ràn ìyá rẹ lọ́jọ́ náà. Owú òun pàápàá ń jẹ mí, pé ó rí ohun tí èmi tí mo kàwé kò rí. Ṣùgbọ́n mo ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì mọ irú ẹni tó ń sè é.

Wọ́n ṣí afárá náà. Mo máa ń lọ síbẹ̀. Mo sọ fún ìyá rẹ pé oko ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n afárá ni. Màá jókòó sábẹ́ rẹ̀, màá wo bí wọ́n ṣe fi pákó wọ inú pákó, bí wọ́n ṣe to òkúta sí ìdí òpó, ibi tí omi ń kọlù àti ibi tí kì í kọlù. Owú ló là mí lójú. Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan lè má wò ó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jowú rẹ̀ mọ gbogbo igun ara rẹ̀.

Mo wá sọ fún ìlú wa pé kí a má tíì lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Kí gbogbo ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ gbé òkúta kan dání, bó ti wù kó kéré mọ. Àwọn kan fi mí ṣẹ̀sín, wọ́n ní olówú ń kó òkúta. Mo ń gbé tèmi. Nígbà tí o fi mọ ìrìn dáadáa, ìwọ náà ń gbé tìrẹ. O máa ń yan èyí tó funfun. A gé igi apá, a jẹ́ kó gbẹ. A la ọ̀nà tó gbòòrò tó kí ẹṣin gbà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà wá. Ajẹ́lẹ̀ tó wà nígbà náà lọ, òmíràn dé. Lọ́jọ́ tí ó ń kọjá lọ sí Ìbà, a pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, a kí i, a sì mú un dé etí odò. Àgbà wa kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú dó, mo rọra fà á láṣọ. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, lédè òyìnbó, bó ti wù kó wọ́ tó. Mo ní, "Odò yìí pa àbúrò mi. Òkúta rèé." Òyìnbó náà ṣí fìlà rẹ̀. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, irin àti ìṣó ìjọba ti dé.

Èyí tó kù, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe mọ̀ ọ́n bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ orin lójú ọ̀nà. Òkúkù ni, tọkùnrin tobìnrin, pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Oyèléke ló ṣíwájú. Ó ní, "Ẹ bá wa kó tiwa lọ́jọ́sí, a wá bá yín kó tiyín." Kí ni kí n sọ? Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Ó mú ọmọ rẹ̀ kan wá, gíga, ejìká gbòòrò, ó ń gbé pákó tí ọkùnrin méjì ń gbé. Ìwọ lo ń pín omi. Mo rí i pé Jósẹ́ẹ̀fù mu omi nígbà tó dé, ó mu omi kó tó jókòó, ó mu omi nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń mu ẹ̀kọ. Mo wò ó, mo ní, òùngbẹ ọkùnrin kan kì í pọ̀ tó báyìí. Mo sì mọ̀ níbẹ̀ pé ìlú yẹn tún ti dé.

Afárá tí mo fi ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi àti òógùn ara mi tọrọ, òun ló mú wọn wá gbé ọ. Mo sì gbọ́ pé Oyèléke ń sọ ní Ìkìrun pé, "Àwa la bá Inísà kọ́ tiwọn." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní. Òótọ́ ni. Òun ló fi ń dùn mí.

Àwọn nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ kí o dì mú rèé, bí wọ́n ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé owú àti ìlara jẹ́ ọ̀kan náà. Ìlara ni kí n fẹ́ kí afárá wọn wó. Lọ́dún tí odò kún jù, mo sáré lọ wò ó, mo sì dúró nínú òjò títí mo fi rí i pé ó dúró. Owú ni kí n fẹ́ kí tiwa náà wà, kó sì dára ju tiwọn lọ. Bí owú bá mú ọ láàárín àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ, á sì mú ọ, fún un ní agbọ̀n kó rù. Èyí tó bá jókòó lásán ló ń di ìlara.

Mo gbọ́ pé pákó kan ti jẹrà lórí afárá Òkúkù, àwọn èèyàn sì ń rìn yí i, wọ́n ń sọ pé ìjọba á wá tún un ṣe. Ìjọba a máa bí ọmọ fún ìlú, kì í bá wọn tọ́ ọ. Bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa ro koríko ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì lọ bá àwọn ọkùnrin wọn nípa pákó yẹn. Òkúta tí èmi àti ìwọ jọ rù wà lábẹ́ rẹ̀. Má jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí pé wọ́n ń pè é ní ti Òkúkù.

Má gbé ìjà ìlú wọ ilé ọkọ. Bí wọ́n bá ń fi Inísà ṣẹ̀fẹ̀, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Tí o bá wá délé, sọ ọ́ fún mi, màá bínú fún ọ.

Bọ̀wọ̀ fún Oyèléke. Kúnlẹ̀ dáadáa bí o bá ń kí i. Bó bá gbà ọ́ nímọ̀ràn, gbọ́ ọ, nítorí ọlọ́gbọ́n ni, olóòótọ́ sì ni. Kò ki nǹkan bọ òyìnbó kankan lápò. Gègé mi dúró pẹ́ kó tó kọ gbólóhùn yẹn. Má ṣe sọ fún un pé mo kọ ọ́. Ilé ìdáná tó kọ́ fún ọ, ìyá rẹ ní ó dára. Màá wá wò ó bí mo bá gbin èso tán. Bí mo bá rí ibi tí kò ti gún, màá sọ.

Pè é ní bàbá. N kò ní sọ pé kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá fọmọ fún, ibẹ̀ náà lọmọ ti ń rí bàbá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo bẹ̀ ọ́, kí o sì ṣe é fún mi. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá fi ọmọ ta ọ́ lọ́rẹ, kí o tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé náà, rán ẹni tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ sí Inísà. Kí èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bí Oyèléke bá wà ní yàrá kejì, tó sì ń gbọ́ igbe ọmọ náà pẹ̀lú etí ara rẹ̀, sọ fún un pé kò tíì gbọ́.

Èmi ni,
Bàbá tó bí ọ.